Òkú Inú Bébà Àkàrà

Ẹ jókòó dáadáa. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹnu mi ló kọ́kọ́ bà á jẹ́, ẹnu mi náà ni màá fi tún un ṣe. Ẹ ti gbọ́ ọ lóríṣiríṣi. Wọ́n ní mo sọ pé wọ́n ju òkú sí ọ̀sà ní Bàrígà. Wọ́n ní èmi ni mi ò jẹ́ kí Ìyá Ẹlẹ́ja tà fún odidi ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n tún ní ọlọ́pàá wá gbé mi. Ọlọ́pàá kankan ò wá o. Ìyókù, òótọ́ ni.

Ilé wa ò jìnnà sí Bájúláyé, ní Ṣómólú. Fésì-mí-n-fésì-ẹ ni: yàrá mẹ́fà lọ́tùn-ún, mẹ́fà lósì, balùwẹ̀ kan ṣoṣo lẹ́yìnkùlé. Èmi ni mo ń ta káàdì ìpè àti omi inú ọ̀rá lẹ́nu géètì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Ìyá Káàdì. Ẹni tó bá jókòó sẹ́nu géètì ilé oníyàrá méjìlá láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, tí kò bá mọ ohun tó ń lọ nínú ilé, ẹ bá mi mú onítọ̀hún lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ò bá tèmi mu ń pè mí ní Àmẹ́bò. Kò dùn mí. Ṣé ẹ mọ ibi tí wọ́n ti mú orúkọ yẹn? Inú eré tẹlifíṣọ̀n ni, The Village Headmaster, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1968. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ kì í sùn sí nínú, Ibidun Allison ló ṣe é, Amebo lorúkọ tí wọ́n fún un. Bó ṣe di pé gbogbo ẹni tó bá mọ̀ròyìn díẹ̀ ní Nàìjíríà ń jẹ́ Àmẹ́bò nìyẹn. Ẹni tí wọn ò bí rí ló sọ mí lórúkọ.

Ibo ni mo dé? Àkàrà.

Àsìkò òjò ni. Mo ra àkàrà lọ́wọ́ Ìyá Alákàrà tó wà ní kọ́nà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti bébà àkàrà kí n tó máa lọ, torí ẹni tí kì í bá ṣe ará Ṣómólú, kò lè yé e. Níbòmíràn, ìwé ìròyìn ni wọ́n fi ń wé àkàrà. Tiwa yàtọ̀. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni àdúgbò wa ń jẹ, òun la fi ń sanwó ilé. Káàdì ìyàwó, kàlẹ́ńdà, pósítà olóṣèlú, ìwé ọmọ iléèwé, ìwé ètò ìsìnkú, níbí ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ tọ̀sán-tòru, jẹnẹrétọ̀ á máa ké, máṣíìnì á máa gbè é. Bí olówó bá kú ní Lẹ́kí, àwa la ti máa rí fọ́tò rẹ̀ níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín kí àwọn ẹbí tó yan aṣọ. Bébà tí íǹkì bá yí tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ ò bá gún, Bàbá Pirintà tó ń gbé yàrá kẹrin á kó o fún Ìyá Alákàrà, Ìyá Alákàrà á fi àkàrà mẹ́rin dá a lóhùn.

Èmi kì í ju bébà àkàrà nù láìkà. Bébà àkàrà ni mo fi mọ̀ pé ọmọ onílé kejì fẹ́ ṣègbéyàwó, tí wọn ò sì fẹ́ kí àwa aládùúgbò gbọ́. Mo gbọ́. Mo lọ. Mo jẹ ìrẹsì.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, bébà méjì ló wà nídìí àkàrà. Gẹ̀ẹ́sì ni. Ẹ má wò mí báyìí, mo jáde ìwé mẹ́wàá ní Bàrígà níbí. Obìnrin kan ló ń sọ̀rọ̀ nínú bébà kìíní. Nọ́ọ̀sì ni. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, arẹwà tí ọkùnrin ń tìtorí rẹ̀ ṣubú, pè é lórí fóònù pé òun ti pa bọ̀ọ̀fúrẹ́ǹdì òun. Ẹ̀gbọ́n ò sunkún, kò pe Jésù, kò pe ọlọ́pàá. Ó lọ bá a, ó gbé bílíìṣì, ìyẹn Jik tiwa yìí, ó ń fọ balùwẹ̀, ó sì ń ṣàlàyé bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń jáde nílẹ̀ bí ẹni tó ń júwe bí wọ́n ṣe ń ro ẹ̀fọ́. Nínú bébà kejì, òru ni, òkú ti dé orí afárá Third Mainland, wọ́n sì ti jù ú sódò. Ibẹ̀ ni epo àkàrà ti bo ìyókù.

Kò sí àkọlé lókè. Kò sí orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́, kí lẹ ò bá rò?

Torí ọmọ ìyá méjì ló ń gbé yàrá kẹsàn-án nílé wa. Ẹ̀gbọ́n, nọ́ọ̀sì ni. Àbúrò rẹwà débi pé kọ́ńdọ́ dáńfó kì í rántí gbowó lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yìí náà sì fẹ́ràn Jik, tó bá fi fọ balùwẹ̀ tán, ojú gbogbo ilé á máa ṣomi. Mo ka bébà, mo wo yàrá kẹsàn-án. Mo tún bébà kà, mo tún yàrá kẹsàn-án wò.

Ẹnì kan péré ni mo sọ ọ́ fún o. Ìyàwó lándílọ́ọ̀dù. Mo sì sọ fún un pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé Pedro. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti dé Ìlàjẹ. Ẹ sì mọ bí Ìlàjẹ ṣe rí. Afárá Third Mainland tí wọ́n kọ́ parí ní 1990, tó gùn ju kìlómítà mọ́kànlá lọ, ẹ̀yìn Bàrígà ló gbà kọjá. Ẹni tó bá dúró létí ọ̀sà á máa wo mọ́tò lókèèrè bí ẹni ń wo èèrà tó ń gba orí okùn kọjá. Ẹja tí àwọn apẹja ibẹ̀ bá pa ni Ìyá Ẹlẹ́ja ń gbé wá sílé wa lálaalẹ́: ẹpìyà, àrọ̀, edé nígbà mìíràn. Òkú wà nínú ọ̀sà, ẹja ń jẹun nínú ọ̀sà, àwa ń jẹ ẹja. Ìṣirò yẹn ò le. Lọ́jọ́ kìíní, ẹnikẹ́ni ò ra ẹja. Lọ́jọ́ kejì, gbogbo ilé ra ẹyin. Lọ́jọ́ kẹta, Ìyá Ẹlẹ́ja gbé agbọ̀n ẹja sọ̀ níwájú àtẹ mi, ó já gèlè lórí, ó fi so ìdí.

"Ìwọ Ìyá Káàdì, ẹja tèmi ló jẹ òkú?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Bébà ni."

"Bébà wo? Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi wọlé ọkọ ni mo ti ń ta ẹja abẹ́ afárá yẹn. Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò rí òkú níbẹ̀ rí! Ọkọ mi ò rí i! Bàbá ọkọ mi ò rí i!"

Èrò pé. Àǹtí Nọ́ọ̀sì náà jáde sí i, ó wọ aṣọ funfun, ó ń lọ síbi iṣẹ́ alẹ́. Ó dúró, ó gbọ́ ọ látòkèdélẹ̀. Ó wò mí. Kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀yin ará, ẹni tó bú ni tán sàn ju ẹni tó wo ni báyẹn lọ.

Bàbá Tíṣà ló gbà mí. Yàrá kìíní ni wọ́n ń gbé, wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ìwé ló kún yàrá wọn débi pé ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi ń wọlé. Wọ́n ní kí n mú bébà náà wá. Mo fà á yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n kà á, wọ́n yọ awò ojú, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn.

"Ìyá Káàdì, ìwé ìtàn àròsọ nìyí. Nọ́fẹ̀lì. Ẹnì kan ló jókòó ronú kàn án."

Bàbá Pirintà náà wá dá sí i, ó ní ìdí tí ọ̀rọ̀ fi dàrú mọ́ mi lójú ni pé wọn kì í tẹ ojú ewé ìwé tẹ̀léra. Bébà fífẹ̀ kan lè gba ojú ewé mẹ́rìndínlógún, mẹ́jọ níwájú, mẹ́jọ lẹ́yìn. Ojú ewé 3 á jókòó ti 14, ojú ewé 6 á jókòó ti 11. Ó ní kí n ro èyíkéyìí nínú wọn pọ̀, 17 ni màá bá níbẹ̀. Mo rò ó, 17 ni. Ìgbà tí wọ́n bá ká a tí wọ́n gé e ni wọ́n á tó tò tẹ̀léra. Ọ̀bẹ Ìyá Alákàrà ló ti dé ibẹ̀ ṣáájú. Mo bi Bàbá Pirintà pé ta wá ló gbé iṣẹ́ yẹn fún wọn. Ó wo òkè, ó ní iṣẹ́ oníṣẹ́ ni. Mo tún bi í. Ó ní òun fẹ́ lọ sẹ́yìnkùlé. Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa mọ ohun tí ìrìn yẹn túmọ̀ sí. Àwọn kan ń bẹ tí wọ́n ń tẹ ìwé oníwèé tà, tí ẹni tó kọ ọ́ ò ní rí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Òfófó tèmi, ọ̀fẹ́ ni. Tiwọn, wọ́n ń gbowó lé e lórí.

Ojú wá ń tì mí gan-an. Bàbá Tíṣà ní kí n má sunkún, pé kì í ṣe orí mi ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1929, ní Èkó níbí, ìwé ìròyìn kan wà tó ń jẹ́ Akéde Èkó, Isaac Thomas ló ni ín. Bí lẹ́tà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú rẹ̀ nìyẹn, lẹ́tà obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ láyé. Àìsàn ti dá a gbálẹ̀, ó ń ka gbogbo ohun tó fojú ọkùnrin Èkó rí àti ohun tó fojú tiwọn náà rí. Ìlú gbóná. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ó wà láàyè, wọ́n ń ṣàánú rẹ̀, wọ́n ń kọ̀wé sí olóòtú. Kò sí Sẹ̀gilọlá níbì kankan. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́. Ní 1930 ó tẹ̀ ẹ́ ní ìwé, àwọn ọ̀mọ̀wé sì ń sọ lónìí pé òun ni ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́, ọdún mẹ́jọ ṣáájú Ògbójú Ọdẹ tí Fágúnwà gbé jáde ní 1938. Òyìnbó obìnrin kan tó gbọ́ Yorùbá, Karin Barber, tú u sí Gẹ̀ẹ́sì ní 2012.

Ẹ ò rí nǹkan? Òfófó ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìwé ìtàn ní èdè wa, l'Ékòó níbí, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n wá ń pe èmi ní Àmẹ́bò bí ẹni pé èébú ni.

Ìyá Ẹlẹ́ja ti tú gèlè nídìí. Ó ní, "Ó dáa. Ìwé ni. Àbúrò yẹn ńkọ́, ṣé wọ́n mú un?" Mo ní mi ò mọ̀, epo ti bò ó. Ó ní kí n lọ wá a. Ó ní òun ò ní dárí jì mí títí n ó fi mọ̀ ọ́n. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀ nìyẹn.

Bàbá Tíṣà ní tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìpànìyàn, ìwé Okediji ni. Wọ́n fa Àjà Ló Lẹrù yọ, èyí tó jáde ní 1969. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kì í ṣe òun, torí fóònù alágbèéká wà nínú bébà tèmi. Ṣùgbọ́n mo ti ṣí i. Ìbàdàn ni, ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Lápàdé, ó ti ṣe ọlọ́pàá rí, ó sì gbọ́n ju àwọn tó ṣì ń ṣe é lọ. Yorùbá inú rẹ̀ dùn débi pé mo jó ìrẹsì lẹ́ẹ̀mejì. Mo dá a padà, mo gba Àgbàlagbà Akàn, Lápàdé tún ni. Bàbá Tíṣà ní àwọn tó ń kọ irú rẹ̀ ní Yorùbá ò pọ̀ mọ́, pé Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọmọ wa fi ń sọ ìtàn wa báyìí. Mo ní ó dáa, kí Gẹ̀ẹ́sì náà máa bọ̀.

Mo mú ọ̀rọ̀ dé ṣàlóònù tó kọjú sí wa. Mo ní, "Ìwé kan, obìnrin ni, àṣírí wà níbẹ̀, nǹkan ìbànújẹ́ sì ṣẹlẹ̀." Onídìrí ò tíì jẹ́ kí n parí. Ó ní, "Mo ní in!" Stay With Me ló gbé fún mi, ti Ayọ̀bámi Adébáyọ̀, tó jáde ní 2017. Òun náà kọ́ o, ṣùgbọ́n ẹ wo ìdí tí onídìrí fi fẹ́ràn rẹ̀: Yéjídé inú ìwé yẹn, onídìrí ni, ní Iléṣà, láyé ológun. Kò rọ́mọ bí, ni àwọn ẹbí ọkọ bá kó ìyàwó tuntun wá bá a nínú pálọ̀ rẹ̀, wọ́n ní ìyàwó rẹ̀ tuntun nìyí. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ mọ irú "ìyàwó" bẹ́ẹ̀. Ó lọ bá wòlíì lórí òkè, wọ́n gbé ewúrẹ́ lé e lọ́wọ́, ó sì fún ewúrẹ́ lọ́mú. Mo ka ibẹ̀, mo pa ìwé dé. Mo lọ mu omi. Mi ò lè sọ èyí tó wà níwájú ibẹ̀ fún yín, torí ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ ni, ó sì ju òfófó lọ.

Onídìrí tún yá mi ìwé Damilare Kuku, èyí tí wọ́n ń pè ní Nearly All the Men in Lagos Are Mad, ti 2021. Ìyẹn ni pé ó ku díẹ̀ kí gbogbo ọkùnrin Èkó ya wèrè. Mo bi onídìrí pé kí ló ń jẹ́ ó ku díẹ̀, níbo ni ìyókù wà? Ìtàn kéékèèké ni wọ́n, kì í ṣe ìtàn kan gbọọrọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan dà bí ohun tí èèyàn ń gbọ́ lábẹ́ díráyà nígbà tí onítọ̀hún rò pé ariwo díráyà ò jẹ́ kí ẹ gbọ́. Ní 2024 ọmọ náà wá gbé nọ́fẹ̀lì gan-an jáde. Nínú rẹ̀, ní Ifẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin bàbá tán ni ọmọbìnrin rẹ̀ dìde láàárín ẹbí, ó ní òun ń lọ sí Èkó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ kí ìdí òun lè tóbi. Àwọn àǹtí rẹ̀ gbé ẹnu wọn dé! Mo rò pé ilé wa ni wọ́n ń sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ń sọ pé ìwé ò wúlò, kó ka bí obìnrin Yorùbá mẹ́ta ṣe lè jókòó sọ̀rọ̀ ìdí ẹnì kan.

Ọmọ Unilag tó ń gbé yàrá kejìlá tún ṣì í gbọ́ tirẹ̀. Akọkà ló ti ń kọ́ ẹnjiníà. Mo ní, "Ìwé kan tí wọ́n ti pa èèyàn." Ó ní, "Mọ́mì, ti Nàìjíríà? Ti àwọn ẹ̀dá tó ti ojú ọ̀run wá?" Mo ní tèmi ti Bàrígà wá. Ó ṣì fún mi ní Rosewater. Ẹ gbọ́ o. Tade Thompson, dókítà àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú ni nílùú Ọba, ó kọ ọ́ pé nígbà tó bá di 2066, àwọn ẹ̀dá àjèjì kan á ti dé Nàìjíríà, ìlú kan á sì ti hù yí ilé wọn ká. Ìlú náà ń rùn ní ìbẹ̀rẹ̀, torí náà wọ́n fi ẹ̀fẹ̀ sọ ọ́ ní omi òdòdó róòsì. Mo ní Ṣómólú ni. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ilé àwọn àjèjì á ṣí, ẹni tó bá wà níbẹ̀ á rí ìwòsàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan á rí i ní òdì. Gbogbo èyí ni mo gbà. Ibi tí mo ti pariwo ni ibi tí wọ́n ti ní àwọn àjèjì yẹn ló ń fún ìlú náà ní iná mànàmáná, tí kì í lọ. Mo pe gbogbo ilé jáde. Mo ní ẹ wá gbọ́, ọkùnrin yìí ronú ronú, ó wá ẹni tó lè fún Nàìjíríà níná, kò rí i láyé, ó kọjú sọ́run! Bí mo ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni NẸ́PÀ mú iná. Ọmọ Unilag ní wọ́n fi ìwé yẹn gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní 2019. Mo ní ì bá jẹ́ èmi ni mò ń fúnni lẹ́bùn, màá fi páálí káńdù kan lé e.

Ọmọ náà ti mọ̀ pé mo bọ́ sọ́wọ́. Ó tún gbé ti Wole Talabi wá, ẹnjiníà ni òun náà, ìwé rẹ̀ jáde ní 2023: Shigidi and the Brass Head of Obalufon. Ṣìgìdì ni o, Ṣìgìdì tiwa, tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá ní kékeré. Nínú ìwé yìí, òrìṣà ti di òṣìṣẹ́ kọ́ńpìnnì, wọ́n ní ọ̀gá, wọ́n ní gbèsè, àdúrà àwọn èèyàn ni owó oṣù wọn, owó oṣù ò sì kárí mọ́. Ni wọ́n bá rán Ṣìgìdì lọ sí London, kó lọ jí orí idẹ Ọbalùfọ̀n gbé nínú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá Tíṣà gbọ́ èyí láti yàrá wọn, wọ́n jáde wá, wọ́n ní orí idẹ Ifẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, lára àwọn tí wọ́n hú ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938. Mo ní kí Ṣìgìdì ṣe kíá.

Ti Tomi Adeyemi, ọmọ Amẹ́ríkà yẹn, ìwé rẹ̀ ti 2018 tí ilẹ̀ inú rẹ̀ ń jẹ́ Orïsha, mo kà á dé ìdajì. Àmì méjì ló wà lórí lẹ́tà i. Mo bi Bàbá Tíṣà pé irú ohùn wo nìyẹn, wọ́n ní ohùn dọ́là ni. Ọmọ lándílọ́ọ̀dù gbà á lọ, kò dá a padà, a jẹ́ pé ó dùn.

Ẹ wá jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan. Ìyàwó lándílọ́ọ̀dù, òun náà tó tú ọ̀rọ̀ mi sí ìgboro, ó ní ọmọ ọ̀dọ̀ kan. Ọmọ náà ń jí ní aago mẹ́rin, abọ́ ìkẹyìn ló ń fọ̀ ní mọ́kànlá alẹ́. Mi ò lè bá onílé sọ ọ́, wọ́n lè fowó kún owó ilé mi. Mo wá rí The Girl with the Louding Voice gbà lọ́wọ́ onídìrí, ti Abi Daré, ti 2020. Àdùnní, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, wọ́n fi fún awakọ̀ kan ṣe ìyàwó kẹta, nígbà tó yá ó di ọmọ ọ̀dọ̀ l'Ékòó, lọ́dọ̀ ìyáàfin kan tó ń ta aṣọ, tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́. Iléèwé nìkan ni ọmọ náà fẹ́. Mo gbé àpótí mi sábẹ́ fèrèsé lándílọ́ọ̀dù, mo sì ń sọ ìtàn náà fún Ìyá Alákàrà bí ẹni pé etí rẹ̀ di. Gbogbo lílù, mo lù ú. Gbogbo ẹkún, mo sun ún. Ọjọ́ kẹta, fèrèsé tì gbàgà. Ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n rán aṣọ iléèwé fún ọmọ náà. Mi ò sọ pé ìwé ló ṣe é. Ó lè jẹ́ àdúrà. Mo kàn ń sọ ohun tí ojú mi rí lẹ́nu géètì ni.

Ṣùgbọ́n ìwé tèmi, mi ò tíì rí i. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni Ìyá Ẹlẹ́ja ń bi mí, "Wọ́n ti mú un?" Mo ní rárá. Ó ń dín ẹja mi kù.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, Àǹtí Nọ́ọ̀sì ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé láàárọ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ káàárọ̀ lásán kò tíì sọ fún mi, Jik tó ń lò sì ti di ìlọ́po méjì, mo mọ ẹni tó ń fi bá wí. Ó dúró níwájú àtẹ. Ó fa ìwé kan yọ nínú báàgì, obìnrin tó wọ awò dúdú ló wà lára èèpo rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ gbà. Kí ẹ lè rí i pé èmi kọ́."

My Sister, the Serial Killer. Oyinkan Braithwaite. Jáde ní 2018. Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, lórí káàdì, lórí omi inú ọ̀rá. Ó ní kí n dìde, pé mò ń dí ọ̀nà. Ó ní àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ òun ló ń gbà á kà lára wọn lálẹ́, tí oògùn bá ti kárí. Ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀rín yẹn, ì bá jẹ́ owó, màá fi sanwó ilé ọdún kan.

Mo kà á lọ́jọ́ méjì. Orí ìwé rẹ̀ kúkurú, ó ń yára bí ẹni tí wọ́n ń lé. Kórèdé ni ẹ̀gbọ́n, Ayọ̀ọlá ni àbúrò, ẹni kẹta tó pa ni mo bá nínú bébà àkàrà. Kí ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ nìkan ni, ẹ̀rín wà níbẹ̀, ẹ̀rín tí èèyàn á rín tán tí yóò wò yíká bóyá ẹnì kan rí òun. Ohun tó pa mí jù ni ibi tí Kórèdé ń tú àṣírí sí. Kò sọ fún ọ̀rẹ́, kò sọ fún pásítọ̀. Aláìsàn kan wà ní ọsibítù rẹ̀ tó ti dákú tipẹ́, tí wọ́n ti ní kò lè jí mọ́. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló ń jókòó sí, ló ń ka gbogbo rẹ̀ fún un. Ọkùnrin náà wá jí! Ẹ ò rí i? Ì bá ti wá sọ́dọ̀ mi. Èmi, mo jí tẹ́lẹ̀.

Ọmọ Unilag ní ní 2019, ìwé yẹn wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ yàn fún ẹ̀bùn Booker, àti pé Bernardine Evaristo, tí bàbá tó bí i jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ló jọ gbà á pẹ̀lú Margaret Atwood lọ́dún náà. Ọdún kan náà tí oníná ọ̀run yẹn gba tirẹ̀. Oyinkan ti tún kọ òmíràn, Cursed Daughters, ti 2025, ègún ló wà nínú ẹbí, ọkùnrin kì í dúró ti àwọn obìnrin wọn. Onídìrí ti gba orúkọ sílẹ̀, òun ló máa kọ́kọ́ kà á, èmi ló tẹ̀ lé e.

Lálẹ́ ọjọ́ tí mo kà á tán, mo ránṣẹ́ pe Ìyá Ẹlẹ́ja. Ó jókòó ti àtẹ, agbọ̀n rẹ̀ ti ṣófo. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, torí náà Yorùbá ni mo fi sọ ọ́, láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé Soyinka gbé Fágúnwà láti Yorùbá lọ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Èmi ń gbé tiwọn padà wálé, lẹ́nu géètì, láìgbowó. Kórèdé di ọmọ Bàrígà lẹ́nu mi. Ìyá wọn ń sọ̀rọ̀ bí ìyàwó lándílọ́ọ̀dù. Ọjọ́ mẹ́rin la fi sọ ọ́, orí àrọ̀ kan lálaalẹ́, mo sì máa ń gé e síbi tó bá dùn jù.

Lọ́jọ́ kẹrin, nígbà tí mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àbúrò náà fún un, Ìyá Ẹlẹ́ja dákẹ́. Ó dákẹ́ pẹ́. Ọkọ̀ ń kọjá, jẹnẹrétọ̀ Bàbá Pirintà ń ké. Ó wá ní, "Ọmọbìnrin tó kọ ọ́ yìí, ṣé ó ti dé abẹ́ afárá yẹn rí?"

Mo ní mi ò mọ̀.

Ó ní, "Ṣé o rántí ọjọ́ tí mo wá búra níbí?"

Mo ní mo rántí.

Ó wo ọ̀tún. Ó wo òsì. Ó ní, "Fa àpótí yẹn mọ́ra."

Mo fà á.